Ọ̀ràn Àwọ̀ Ara àti Ìṣọ̀kan Ìjọ Kristi ní Erékùṣù Èkó

Ìfáárà

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe èyí tí ó dùn-ún sọ, ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ojú ni mo fẹ́ kí á fi wo ọ̀ràn yìí, kì í ṣe omijé.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni a bí mi sí, ní ibi tí a ti lè gbọ́ ìlù Ìga Ìdúngànràn láti inú yàrá. Ní ilé wa, ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbà jáde, ṣùgbọ́n bí a bá dé ìkóríta, a ó pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan yóò kọrí sí Ìjọ Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Breadfruit. Àwọn kan yóò kọrí sí Bẹ́tẹ́lì, tí í ṣe ti Ìjọ Áfíríkà. Bíbélì kan náà ni wọ́n gbé lọ́wọ́, àdúrà kan náà ni wọ́n ń lọ gbà. Bí a bá sì padà dé ní ọ̀sán, inú ìkòkò kan náà ni a ti ń bu oúnjẹ. Nígbà tí mo bi ìyá mi àgbà léèrè ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: "Ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa pẹ̀lú òyìnbó ni." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtumọ̀ ìdáhùn náà.

Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ kí á gbé yẹ̀ wò. Èkíní ni pé, àwọn ará Èkó tí wọ́n jáde kúrò nínú ìjọ àwọn míṣọ́nnárì láàárín ọdún 1888 àti 1901, ṣé àwọn ni ó fọ́ ìjọ Kristi? Èkejì ni pé, kí ni ó lè mú àwọn tí ọ̀ràn àwọ̀ ti yà nípá tún jókòó sí ìdí àwo kan náà? Èrò tèmi ni pé àwọn tí ó jáde kò fọ́ ohun tí ó wà lódidi. Ìjọ ti fọ́ ṣáájú kí wọ́n tó dìde. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ibẹ̀ mọ, nítorí pé jíjáde kúrò nínú ilé kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kíkọ́ ilé tuntun tí gbogbo ènìyàn lè gbé.

Èkó àti àwọn ará ìjọ rẹ̀

Ní oṣù kejìlá ọdún 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, tí a sì dá Ọba Akitoye padà sórí oyè. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ C.M.S. wá fìdí kalẹ̀ sí erékùṣù náà, àwọn ìjọ yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ó di ọdún 1861, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà pátápátá.

Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n ògiri inú rẹ̀ kò kéré. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ti Ọba, ti àwọn ìjòyè àti àwọn onílẹ̀. Olówógbowó ni ti àwọn Sàró, àwọn ọmọ wa tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n sì ti Freetown padà wálé pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀sìn Kristi. Pópó Àgùdà ni ti àwọn tí ó ti ilẹ̀ Bùràsíìlì dé. Màrínà ni ti ìjọba àti ti àwọn oníṣòwò ńlá. Láti ibẹ̀rẹ̀ ni mo ti fẹ́ sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òyìnbó nìkan ni ó mọ ògiri mọ: àwọn Sàró kan wà tí wọ́n ka ará Ìsàlẹ̀ Èkó sí aláìlajú. Ìsìn èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Christ Church, ní Màrínà, jẹ́ ibi tí ẹni tí kò bá wọ aṣọ òyìnbó kò ní fẹ́ kí ojú òun bá ti àwọn ẹlòmíràn pàdé. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Síbẹ̀, láàárín ọdún 1850 àti 1870, ìrètí wà. Àwọn Sàró gbàgbọ́ pé ẹ̀sìn Kristi kò mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun. Ìdí wà fún ìgbàgbọ́ wọn, nítorí pé ojú wọn ni a ti gbé ọmọ ẹrú kan ga títí ó fi di bíṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther

Ọmọ Òṣoogùn ni Samuel Ajayi Crowther. A kó o lẹ́rú ní ọdún 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822, wọ́n sì mú un lọ sí Freetown. A ṣe ìtẹ̀bọmi fún un ní ọdún 1825, ó sì di àlùfáà ní ọdún 1843. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, nínú Kátídírà Canterbury, a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Àǹglíkà fi sí irú ipò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣe wàhálà ọ̀rọ̀ yìí jù lọ ni Henry Venn, akọ̀wé C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, òyìnbó pọ́ńbélé. Ìlànà Venn ni pé kí ìjọ tí a dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀, kí míṣọ́nnárì sì ṣí kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí ó ti parí iṣẹ́ tí a rán an.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ààlà ilẹ̀ tí a fi sí abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù tuntun yìí. Èkó kò sí níbẹ̀. A lè wí pé ilẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Èkó, àti pé ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ààlà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni a fún Crowther. Ó dára. Abẹ́òkúta ńkọ́? Ìbàdàn ńkọ́? Ìlú méjèèjì kò sí lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1864, síbẹ̀ a kò fi ìjọ wọn sí abẹ́ rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó tí ó wà ní Freetown ni ó ń ṣàkóso wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn míṣọ́nnárì tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá kò fẹ́ kí adúdú jẹ́ ọ̀gá wọn. Láti ọdún 1851 ni Henry Townsend ti Abẹ́òkúta ti kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù láti tako ọ̀rọ̀ náà. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn ará ìlú kò ní bọ̀wọ̀ fún ẹlẹ́ran ara dúdú ní irú ipò bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tí ó ṣe olórí nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí a tẹ̀ jáde lódidi ní ọdún 1884, fi jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù fún àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, tí kò sì jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù fún àwọn tí ó gbọ́ ọ.

Venn kú ní ọdún 1873. Ayé ti ń yí padà nígbà náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ń kọ ìwé pé ìran dúdú rẹlẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀ wá. Ní ọdún 1884 àti 1885, àwọn ìjọba wọn jókòó ní Berlin láti fi ìlànà lélẹ̀ fún pípín ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá ti mu omi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ yó, tí ó sì wá di míṣọ́nnárì, kò lè fi ojú Venn wo Crowther. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní Onitsha, nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò owó iṣẹ́ ìhìnrere lẹ́bàá Odò Ọya, irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ko bíṣọ́ọ̀bù arúgbó náà lójú. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá àwọn kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, títí kan Dandeson Crowther, ọmọ bíbí inú rẹ̀ tí ó jẹ́ aṣíwájú àwọn àlùfáà. Crowther béèrè irú àṣẹ wo ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ fi dá àlùfáà dúró níṣojú bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí kò rí ìdáhùn tí ó yẹ ọmọlúwàbí, ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀.

N kò sọ pé àìṣedéédéé kankan kò sí nínú iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà. Àwọn mìíràn nínú wọn ń ṣòwò, ìwà àwọn mìíràn kò sì tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òyìnbó bá ṣẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni a máa ń fi pe ẹ̀ṣẹ̀ náà. Nígbà tí adúdú ṣẹ̀, gbogbo ìran rẹ̀ ni a fi sí ẹ̀wọ̀n. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà.

Crowther kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Ilẹ̀ ìsìnkú Àjẹlẹ̀ ni a sin ín sí; lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni a gbé egungun rẹ̀ lọ sí Kátídírà ní Màrínà. Òyìnbó, Joseph Sidney Hill, ni a fi rọ́pò rẹ̀. A fi ọmọ ilẹ̀ wa méjì, Charles Phillips àti Isaac Oluwole, jẹ bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ ní ọdún 1893, irú oyè tí àwọn tí inú ń bí ní Èkó ń pè ní ààbọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Ó di ọdún 1952, nígbà tí a dá díósísì Ìbàdàn sílẹ̀, kí ọmọ Yorùbá, Alexander Babatunde Akinyele, tó tún jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù tí ó ni díósísì tirẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọgọ́ta ọdún ó lé ọ̀kan.

Àwọn tí ó jáde

Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ó kọ́kọ́ pín. Ó yẹ kí á mọ ilé tí àwọn míṣọ́nnárì wọn ti wá. Ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi ti ìhà gúúsù Amẹ́ríkà yapa kúrò lára àwọn ará wọn ti ìhà àríwá ní ọdún 1845, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ẹni tí ó ní ẹrú lè di míṣọ́nnárì. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà gbóná, láti ọdún 1861, tí owó àti ènìyàn kò lè wá mọ́, adúdú ni ó di iná ìjọ Èkó mú kí ó má baà kú: Joseph Harden, adúdú ará Amẹ́ríkà tí ó ti Làìbéríà wá, àti lẹ́yìn tí òun kú ní ọdún 1864, Sarah aya rẹ̀. Ní ọdún 1875 ni W. J. David dé, òyìnbó, pẹ̀lú W. W. Colley, adúdú ará Amẹ́ríkà. Colley kò pẹ́ kí ó tó padà, David dúró.

Moses Ladejo Stone ni pásítọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa tí ó ń bójú tó ìjọ Èkó lábẹ́ David. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ni ó dá ìjà sílẹ̀: Stone ní èyí tí òun ń gbà kò tó òun jẹ, ó sì fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. David kò gbà kí ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó lé e lẹ́nu iṣẹ́ láì fi ọ̀rọ̀ lọ ìjọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlànà Onítẹ̀bọmi mọ̀ pé ìjọ ni ó ni àṣẹ láti gba pásítọ̀ àti láti dá a dúró. Àwọn ará ìjọ béèrè pé, ṣé bí ìjọ òyìnbó bá ni ìjọ yìí, ṣé David yóò dán irú èyí wò? Ní ọdún 1888, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jáde lọ dá Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Ọmọ Ìbílẹ̀ sílẹ̀, tí a mọ̀ sí Ebenezer lẹ́yìn náà. Owó oṣù ni ó bẹ̀rẹ̀ ìjà, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ jáde.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní ọdún 1891, Edward Wilmot Blyden, ọ̀mọ̀wé adúdú tí a bí ní erékùṣù St. Thomas, sọ̀rọ̀ fún àwọn ará Èkó nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Breadfruit. Ó rọ̀ wọ́n láti dá ìjọ tí yóò jẹ́ ti Áfíríkà sílẹ̀. Ìròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Crowther ní Onitsha ṣì gbóná létí gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn ọmọ ìjọ Àǹglíkà àti ti Mẹ́tọ́díìsì pàdé ní ilé kan tí ń jẹ́ Rose Cottage, ní Màrínà. William Emmanuel Cole wà lára àwọn aṣáájú wọn. Níbẹ̀ ni a ti bí United Native African Church. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé ọmọ Áfíríkà ni yóò mú Áfíríkà wá sọ́dọ̀ Kristi, àti pé ìjọ tí kò ní ọwọ́ àjèjì nínú àkóso rẹ̀ ni yóò lè ṣe é.

Ìyapa ti ọdún 1901 ni ó dé ilé wa. James Johnson, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí ẹni mímọ́, ni àlùfáà Ìjọ Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Breadfruit. Ọmọ Sàró ni, láti inú ẹ̀jẹ̀ Yorùbá. Òun ni ó ń tẹnu mọ́ ọn pé kí a máa fi orúkọ tí ó ní ìtumọ̀ lédè wa ṣe ìtẹ̀bọmi fún ọmọ. Ó mọ̀ pé ilé ni a ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ọdún 1900 a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ fún ìhà Niger Delta, ó sì gbà á nítorí ó ní ìrètí pé bí àwọn adúdú bá lè dá owó tí yóò máa bọ́ bíṣọ́ọ̀bù jọ, ipò náà yóò di odidi. Àwọn ará ìjọ Breadfruit fẹ́ kí ó máa wà pẹ̀lú àwọn. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell, òyìnbó, kò gbà. Bí a ṣe mú Johnson kúrò nínú ilé àlùfáà bí ẹni tí a ń lé ayálégbé jáde ni ó bí àwọn ènìyàn nínú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1901, ọ̀pọ̀ nínú wọn dìde, wọ́n sì lọ dá Ìjọ Áfíríkà Bẹ́tẹ́lì sílẹ̀. Jacob Kehinde Coker, tí òwò àti oko rẹ̀ ní Agége ṣe ìrànwọ́ púpọ̀ fún ìjọ náà, jẹ́ ọ̀kan nínú òpó wọn.

Ṣùgbọ́n Johnson fúnra rẹ̀, ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ jà, kò bá wọn lọ. Ó dúró sínú Ìjọ Àǹglíkà títí ó fi kú ní ọdún 1917. Nínú ẹbí wa, bàbá ìyá mi àgbà ṣe bíi ti Johnson. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bá àwọn Bẹ́tẹ́lì lọ. Ìyá mi àgbà ní nígbà tí àbúrò náà ṣaláìsí, ó tó ọjọ́ méjì tí ẹbí fi ń jiyàn lórí àlùfáà tí yóò sin ín.

Ṣé àwọn ni ó fọ́ ìjọ?

Àwọn kan ń wí pé ìkóbìnrinjọ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń wá, pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ kàn jẹ́ àwáwí. Òótọ́ wà nínú rẹ̀ díẹ̀. Ìjọ Áfíríkà gba olóbìnrin púpọ̀ sí inú ìjọ, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì kò gbà. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ìlara àti ìfẹ́ ipò kò ṣàì sí láàárín wọn, nítorí kò pẹ́ tí àwọn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Akọ̀wé ìtàn tí ó bá fi èyí pamọ́, irọ́ ni ó ń pa.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n mú dání nígbà tí wọ́n ń jáde. Wọn kò ju Bíbélì sílẹ̀. Wọn kò sọ pé Kristi jẹ́ ọlọ́run àwọn òyìnbó. Ìjọ Áfíríkà di ètò ìsìn Àǹglíkà mú, ó sì ní bíṣọ́ọ̀bù. Àwo oúnjẹ náà ni wọ́n gbé lọ. Ìjókòó tí a fún wọn nídìí rẹ̀ ni wọn kò gbà. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Mo tún fi kún un pé àjọjẹ kò tilẹ̀ sí, bí ó bá ṣe pé ẹnìkan ni ó ń pín ẹran nígbà gbogbo, tí ẹnìkejì kàn ń na ọwọ́.

Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ kò ṣàì mọ irú ọ̀ràn yìí. Ní Áńtíókù, Pétérù ń bá àwọn tí kì í ṣe Júù jẹun. Nígbà tí àwọn kan ti Jerúsálẹ́mù dé, ó dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Pọ́ọ̀lù bá a wí ní gbangba. A kò rí i kí ẹnikẹ́ni pe Pọ́ọ̀lù ní ẹni tí ó fọ́ ìjọ. Ẹni tí ó dìde kúrò nídìí àwo nítorí ẹ̀yà ni ó fọ́ ọ. Ní Èkó, ẹni tí ó bá àwọn míṣọ́nnárì wí ni a sọ di aṣebi. Nígbà tí ìjọba sì ń fún àwọn òyìnbó ní adúgbò tiwọn ní Ìkòyí, àwọn òyìnbó tún ní ilé ìjọsìn tiwọn, èyí tí a ń pè ní Colonial Church, tí a mọ̀ sí St. Saviour's lónìí. Kò sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní ìyapa.

Ìpadàpọ̀ kan àti ìkùnà kan

Mo ti sọ pé n kò ní dúró sórí ẹ̀bi àwọn òyìnbó. Ìtàn méjì ni mo fẹ́ fi wé ara wọn.

Èkíní ni ti Mojola Agbebi. David Brown Vincent ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1894 ó fi orúkọ àjèjì náà sílẹ̀, aṣọ ilẹ̀ wa ni ó sì ń wọ̀ níbikíbi tí ó bá lọ, títí dé ìpàdé gbogbo ìran ènìyàn tí a ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1911. Òun ni ó wàásù ní àjọ̀dún kìíní Bẹ́tẹ́lì ní oṣù kejìlá ọdún 1902, ìwàásù tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Amẹ́ríkà. Bí a bá ń wá ẹni tí kò ní fẹ́ rí míṣọ́nnárì sójú mọ́, òun ni à bá mú. Síbẹ̀ ní ọdún 1914, àwọn Onítẹ̀bọmi Ọmọ Ìbílẹ̀ àti àwọn Onítẹ̀bọmi ti àwọn míṣọ́nnárì jókòó pọ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi Yorùbá sílẹ̀, wọ́n sì fi Agbebi ṣe ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti inú ẹgbẹ́ náà ni Nigerian Baptist Convention ti wá.

Kí ni ó mú un ṣeé ṣe? Kò sí ẹni tí ó ní kí àwọn tí ó jáde ní ọdún 1888 wá tọrọ àforíjì. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n fi ìjọ wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti fi bọ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n padà wá, wọ́n wá bí ẹni tí ó ní ilé tirẹ̀, wọ́n sì gba ìjókòó olórí. Ìyapa náà ni ó kọ́ àwọn méjèèjì pé wọ́n dọ́gba. Lójú tèmi, èyí ni ẹ̀kọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí.

Èkejì ni ti ọdún 1965. Lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè yìí ti gba òmìnira, Ìjọ Àǹglíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian ti jíròrò fún ọ̀pọ̀ ọdún láti di ìjọ kan ṣoṣo. Wọ́n ti dá ọjọ́: ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1965. Nígbà tí ó ku díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dàrú. Awuyewuye láàárín àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó wà lára ohun tí ó dá a dúró, kò sì tún gbérí mọ́. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe òyìnbó ni ó dí wa lọ́wọ́. Ohun ìní, ipò, ìfura láàárín ìlú àti ìlú, láàárín ẹ̀yà àti ẹ̀yà, ni ó kó wa ní papámọ́ra. Ògiri àwọ̀ ti wó, a sì rí i pé ògiri mìíràn ti wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ìgbà tí Olówógbowó ti ń fi imú wo Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ọ̀ràn náà lónìí

Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun, mo lọ sí ilé ìjọsìn kan tí n kò ní dárúkọ, ní ọjọ́ Ìsinmi mi àkọ́kọ́ níbẹ̀. Mo mọ gbogbo orin wọn. Èdè Yorùbá nìkan ni mo fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìsìn parí, òjíṣẹ́ Ọlọ́run bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìfẹ́ júwe ibi tí àwọn ènìyàn mi máa ń péjọ sí, ní òpópónà kejì. Kò bú mi. Bóyá ó tilẹ̀ rò pé inú rere ni òun ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà, ó yé mi ohun tí àbúrò bàbá ìyá mi àgbà gbé sáyà nígbà tí ó kúrò ní Breadfruit. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ti rí irú rẹ̀ ṣáájú mi. Kì í ṣe àsìkò lásán ni ó mú kí Ìjọ Olúwa Àdúrà, lábẹ́ Adeleke Adejobi, bẹ̀rẹ̀ ní ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1964. Èkó ti ọdún 1891 ni ó tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́bàá odò Thames.

Ìrònúpìwàdà ti wà pẹ̀lú, ó sì yẹ kí á ka èyí sí ire. Ní ọdún 1995, Ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi ti gúúsù Amẹ́ríkà tọrọ àforíjì ní gbangba fún àtìlẹ́yìn tí wọ́n ṣe fún níní ẹrú. Ní ọdún 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, Justin Welby, jẹ́wọ́ nínú Kátídírà kan náà pé ìjọ òun ṣe àìdára sí ọkùnrin náà. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé.

Àwa ńkọ́? Ìjọ mélòó ni ó wà ní Èkó lónìí tí àlejò láti ẹ̀yà mìíràn lè dé ipò olórí nínú rẹ̀? Mélòó ni a ti ń fi ìlú tí a bí ni sí ka ni kún, tí a sì ń fi aṣọ ọrùn ẹni yan ìjókòó fún ni? Ẹni tí ó bá ń sunkún nítorí Crowther, kí ó wo ẹ̀yìn ìjókòó tirẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ mi jọ. Àwọn tí ó jáde ní ọdún 1888, 1891 àti 1901 kò fọ́ ìṣọ̀kan. Wọ́n kọ̀ láti pe àjàgà ní ìṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù sílẹ̀, bíi James Johnson, kì í ṣe ojo. Wọ́n gbà pé ilé bàbá àwọn ni, wọn kò ní fi í sílẹ̀ fún àlejò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1917 ni Johnson àti Agbebi kú, ẹni tí ó dúró àti ẹni tí ó jáde, nínú oṣù kan náà. Ọdún 1914 kọ́ wa pé àwọn méjèèjì lè pàdé, bí ẹnikẹ́ni kò bá ní kí ẹnìkejì kúnlẹ̀ kí ó tó wọlé. Ọdún 1965 kọ́ wa pé lílé òyìnbó lọ nìkan kì í mú kí ará di ọ̀kan.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá pè yín sí ìṣọ̀kan ìjọ, yálà òyìnbó ni tàbí ọmọ ilẹ̀ wa, ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀: Ta ni yóò di kọ́kọ́rọ́ mú? Èdè ta ni a ó fi gbàdúrà? Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀, ṣé òun ni a ó bá wí, tàbí ìran rẹ̀? Bí ìdáhùn bá tọ́, ẹ wọlé, kí ẹ sì jókòó. Ní ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a ṣì ń pín ní ìkóríta ní ọjọ́ Ìsinmi. N kò mọ̀ bóyá ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a kò ní pín mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó jẹun ọ̀sán nídìí àwo ọ̀tọ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń pín ẹran fún ẹlòmíràn láì kọ́kọ́ bi í léèrè.